Ìkọ́kọrẹ́ Ìjẹ̀bú: Àsáró Kọ́ O!

Àlejò tó bá wọ ilé oúnjẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n gbé ìkọ́kọrẹ́ síwájú rẹ̀, lè pè é ní àsáró. Àṣìṣe gbáà ni. Iṣu funfun tí wọ́n gé ni wọ́n fi ń se àsáró; ewùrà tí wọ́n rin ni ti ìkọ́kọrẹ́, tí àwọn kan ń pè ní ìfọ́kọrẹ́.

Ewùrà kì í ṣe iṣu tí oníyán ń wá. Omi pọ̀ nínú rẹ̀, kì í sì í fà bíi iṣu funfun. Láti Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà ni irú rẹ̀ ti kọ́kọ́ wá, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn Ìjẹ̀bú ló ti gba orúkọ. Bí wọ́n bá rin ín tán, yóò máa yọ̀ lọ́wọ́. Yíyọ̀ yìí gan-an ló mú kó dì nígbà tí wọ́n bá ń fọwọ́ bù ú díẹ̀díẹ̀ sínú omi ata tó ń hó, èyí tí epo pupa, edé àti ẹja gbígbẹ ti wà nínú rẹ̀. Alásè tó mọṣẹ́ kì í tètè rò ó. Bó bá kánjú, kókó inú rẹ̀ yóò fọ́, gbogbo rẹ̀ yóò sì di ẹ̀kọ. Kókó yìí sì ni ọmọ Ìjẹ̀bú kọ́kọ́ ń wò kó tó fọwọ́ kan oúnjẹ.

Ohun tó tún ń ya àlejò lẹ́nu ni pé ọ̀pọ̀ ló ń fi ẹ̀bà jẹ ẹ́, ẹ̀bà gààrí Ìjẹ̀bú tó kan díẹ̀, tó sì ti tutù.