Òkun Kún, Òkun Fà: Ìtàn Odò Rance

 Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé iná mànàmáná tí kì í yọ èéfín kì í pa nǹkan kan lára. Ìtàn tí mo gbé wá lónìí kò jẹ́ kí n gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Brittany nílẹ̀ Faransé, níbi tí odò Rance ti ń wọ òkun láàárín Saint-Malo àti Dinard. Nígbà tí òkun bá kún jù níbẹ̀, omi lè fi bíi mítà 13 ga ju ibi tó máa fà dé lọ. Ó ti pẹ́ táwọn ará ibẹ̀ ti ń fi omi yìí lọ ọkà: bí òkun bá kún, wọn a sé omi mọ́ inú adágún, bó bá fà, wọn a tú u sílẹ̀ kó yí ọlọ.

Ní 1961, iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n mọ odi tó gùn tó mítà 750, wọ́n ki ẹ̀rọ 24 sínú rẹ̀, mẹ́gáwáàtì 10 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ààrẹ Charles de Gaulle ló ṣí i ní oṣù Kọkànlá ọdún 1966. Fún bí ọdún 45, kò sí irú rẹ̀ tó tóbi tó o láyé.

Àmọ́ kí ibi iṣẹ́ lè gbẹ, wọ́n dí ẹnu odò pa fún bí ọdún mẹ́ta. Omi òkun kò ráyè wọlé bó ti yẹ mọ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀dá inú odò náà sì kú. Lẹ́yìn tí wọ́n tú omi sílẹ̀, ó gbà tó ọdún mẹ́wàá kí odò náà tó bọ̀ sípò díẹ̀. Ẹrẹ̀ ṣì ń kóra jọ síbẹ̀ di òní.

Òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ ní Sihwa, ní Kòríà Gúúsù. Ní 1994, wọ́n fi odi tó gùn ju kìlómítà 12 gé apá kan òkun, kí wọ́n lè rí omi tí kò níyọ̀ fún oko. Ìdọ̀tí iléeṣẹ́ ba adágún náà jẹ́, ni wọ́n bá tún ṣílẹ̀kùn fún òkun. Ní 2011, ẹ̀rọ 10 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú odi yẹn, mẹ́gáwáàtì 254, ó sì gba ipò kìíní lọ́wọ́ Rance. Omi tó ń gba inú ẹ̀rọ wọlé, tó sì tún ń jáde, ló ń ṣan adágún náà mọ́.

Lójú tèmi, ẹ̀rọ kọ́ ló ya ibi méjèèjì sọ́tọ̀. Ní Rance, wọ́n dínà omi kí wọ́n tó ríná. Ní Sihwa, wọ́n ṣínà fún un kí wọ́n tó ríná. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú odi bẹ́ẹ̀ lónìí, ohun tí mo máa kọ́kọ́ bi í nìyẹn: níbo ni omi máa gbà nígbà tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́?