Òmìnira káńsù: ohun tí ìjọba Tinubu ti yí padà, àti ohun tí kò tíì yí padà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé Apẹtẹ, Awọtan tàbí Akufọ, káńsù Ìdó lẹ wà. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ wa tó ń sun Apẹtẹ, tó ń jí lọ sí Pólì, Dùgbẹ̀ tàbí Bódìjà lójoojúmọ́, ò mọ káńsù tó ni àdúgbò rẹ̀. A mọ orúkọ ààrẹ, a mọ gómìnà. Alága káńsù ńkọ́? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí Bola Tinubu ti gorí àlééfà, nǹkan mẹ́rin ti ṣẹlẹ̀ ní Àbújá tó kan káńsù gbangba: owó ìrànwọ́ orí epo tí wọ́n yọ, ẹjọ́ tí ìjọba àpapọ̀ pe gbogbo ìpínlẹ̀, owó oṣù tuntun, àti òfin owó orí tuntun. Mo fẹ́ tò wọ́n sójú kan níbí, kí ẹni tó bá tún gbọ́ "òmìnira káńsù" lórí rédíò lè mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Kí ni iṣẹ́ káńsù gan-an?

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 to iṣẹ́ wọn sílẹ̀ nínú Àfikún Kẹrin: ọjà, gárèjì, ilé ìpẹran, itẹ́ òkú, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbò, kíkó ìdọ̀tí, ojú ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà, iná ojú títì, sísọ àdúgbò lórúkọ àti kíkọ nọ́ńbà sára ilé, ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun, ti òkú àti ti ìgbéyàwó. Wọ́n tún ń bá ìpínlẹ̀ kópa nínú ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ètò ìlera.

Ẹ tún un kà. Ohun tó pọ̀ jù nínú nǹkan tó ń bí wa nínú láti àárọ̀ dalẹ́ ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi afárá Apẹtẹ ṣàlàyé. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, omíyalé ba Ìbàdàn jẹ́, ó sì wó afárá yẹn. Kíkọ́ afárá bẹ́ẹ̀ kọjá agbára káńsù, iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n gọ́tà tó dí, ìdọ̀tí tí wọ́n dà sójú odò, ọ̀nà àdúgbò tí àgbàrá ń gbẹ́ díẹ̀díẹ̀, gbogbo ìyẹn wà lábẹ́ káńsù. Ìyẹn ni pé ohun tó ń fa omíyalé wà nílé lọ́dọ̀ káńsù, àtúnṣe rẹ̀ ló ń di ti gómìnà.

Ìjọba Babangida ló dá káńsù Ìdó sílẹ̀ ní 1989. Abúlé àti oko ló pọ̀ jù lápá ibí nígbà yẹn. Lónìí, ọmọ ilé ìwé, oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ tí owó ilé ìgboro ti lé jáde ló kún ibẹ̀. Àwọn èèyàn pọ̀ sí i, iṣẹ́ káńsù náà pọ̀ sí i.

Báwo lowó ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wọn?

Káńsù 774 ló wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà, 33 nínú wọn wà ní Ọ̀yọ́. Lóṣooṣù, ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní FAAC máa ń jókòó ní Àbújá láti pín owó. Nínú 100 náírà tó bá wà nínú àpò àpapọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ìpín 13 nínú 100 owó epo fún àwọn ìpínlẹ̀ tí epo ti ń jáde, ìjọba àpapọ̀ ń mú náírà 52.68, gbogbo ìpínlẹ̀ ń pín 26.72, gbogbo káńsù ń pín 20.60. Ti VAT tún yàtọ̀: náírà 35 nínú 100 ló jẹ́ ti káńsù.

Ẹ wá gbọ́ o. Abala 162 ìwé òfin sọ pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àsùnwọ̀n àjùmọ̀ní kan, níbi tí owó gbogbo káńsù rẹ̀ á ti wọlé kí wọ́n tó pín in fún wọn. Gómìnà ló sì ń darí àsùnwọ̀n yẹn. Kí owó tó dé ọwọ́ alága, wọ́n á ti yọ owó oṣù àwọn tísà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì, ìpín àwọn lọ́balọ́ba àti àwọn nǹkan míì. Àṣẹ́kù lalága ń rí. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, ohun tó ń ṣẹ́kù ò ju owó tí wọ́n fi ń san owó oṣù àti owó epo mọ́tò lọ.

Ìkínní: owó ìrànwọ́ orí epo

Ní ọjọ́ tí wọ́n búra fún un ni Tinubu ti sọ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Ní oṣù Kẹfà 2023, ìjọba tún tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tí ìyẹn ṣe sí owó ọkọ̀ láti Apẹtẹ dé Dùgbẹ̀. Ohun tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ni apá kejì rẹ̀: owó tí wọ́n ń pín ní Àbújá wú. Ní ọ̀pọ̀ oṣù 2024, ohun tí ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń pín kọjá tírílíọ̀nù kan náírà.

Ṣé káńsù wá di olówó nìyẹn? Lórí ìwé, bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jà, ó yàtọ̀. Ní oṣù Kejìlá 2024, owó ọjà ti fi ìpín 34.8 nínú 100 gòkè ju bó ṣe wà ní ọdún kan ṣáájú. Símẹ́ńtì, irin, dísù àti ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ ló gbówó lórí. Owó tó wọlé pọ̀ sí i, ohun tó lè rà ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, alága tó bá ní òun ò gba ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ ní kó mú ìwé wá.

Ìkejì: ẹjọ́ ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024

Ní oṣù Karùn-ún 2024, Lateef Fagbemi tó jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ pe ìpínlẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógójì lẹ́jọ́ níwájú ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, ìdájọ́ jáde. Adájọ́ Emmanuel Agim ló ka ìdájọ́ àkọ́kọ́. Ìdájọ́ náà ní ìpínlẹ̀ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa mú owó káńsù dání tàbí láti máa ná an. Owó lè ti àpò àpapọ̀ lọ tààrà sọ́dọ̀ káńsù. Gómìnà ò lágbára láti tú káńsù tí wọ́n dìbò yàn ká. Káńsù tí wọn ò bá sì dìbò yàn, tó jẹ́ pé alábòójútó ni gómìnà fi síbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ gba owó.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Àbújá máa gbìyànjú. Nígbà Babangida, owó ń lọ sí káńsù tààrà. Ní 2019, nígbà Buhari, àjọ NFIU gbé òfin jáde pé káńsù ò gbọ́dọ̀ gba ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lówó lọ́wọ́ lójúmọ́. Wọ́n tún fẹ́ yí ìwé òfin padà, àmọ́ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, wọn ò sì pé. Nígbà tí Buhari bu ọwọ́ lu àtúnṣe òfin 16 ní oṣù Kẹta 2023, òmìnira káńsù ò sí níbẹ̀.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Tinubu fúnra rẹ̀ ti wà ní apá kejì ìjà yìí rí. Nígbà tó jẹ́ gómìnà Èkó, ó fi káńsù 37 kún 20 tí Èkó ní. Obasanjo fi ìbínú dá owó káńsù Èkó dúró ní 2004. Èkó gba ilé ẹjọ́ lọ, wọ́n sì sọ ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn pé ààrẹ ò lágbára láti mú owó náà dání. Àyè tèèyàn bá wà ló ń sọ irú òmìnira tó máa wù ú.

Ọ̀yọ́ ní ìtàn tirẹ̀

Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2019 tí wọ́n búra fún Seyi Makinde ló tú àwọn alága tí wọ́n dìbò yàn ní 2018, nígbà Ajimobi, ká. Ẹjọ́ yẹn dé Àbújá. Ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún 2021, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ìtúká náà ò bófin mu, pé kí ìpínlẹ̀ san owó oṣù àti àjẹmọ́nú wọn. Sáà wọn ti ń parí lọ nígbà yẹn. Wọ́n jàre, àmọ́ ọ́fíìsì ti bọ́.

Láti ìgbà náà, Ọ̀yọ́ ti dìbò káńsù lẹ́ẹ̀mejì, ní oṣù Karùn-ún 2021 àti ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin 2024. PDP ló mú gbogbo káńsù 33 nígbà méjèèjì. Ẹ má rò pé Ọ̀yọ́ nìkan ni o. Ní Ògùn, ní oṣù Kọkànlá 2024, APC ló mú gbogbo 20. Ẹgbẹ́ òṣèlú gómìnà ló sábà máa ń wọlé, nítorí àjọ elétò ìdìbò tí gómìnà yàn ló ń ṣètò rẹ̀.

Nǹkan míì tún wà tó ń da àwọn èèyàn lójú rú: àwọn LCDA 35 tí ìjọba Ajimobi dá sílẹ̀. Wọn ò sí nínú ìwé òfin Nàìjíríà, Àbújá ò sì mọ̀ wọ́n. Ìpín káńsù tí wọ́n ti yọ wọ́n jáde ni wọ́n ń jẹ. Bí owó bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ tààrà, tiwọn á di ìbéèrè.

Kí ló dé tí ìdájọ́ ò tíì yí nǹkan padà?

Ìdájọ́ jáde ní oṣù Keje 2024, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ ní oṣù Kẹjọ láti mú un ṣẹ. Wọ́n ní kí káńsù ṣí àsùnwọ̀n sí báńkì àpapọ̀, CBN. Ọ̀rọ̀ náà falẹ̀ wọ 2025, owó ṣì ń gba ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀. Ní Anambra, wọ́n ṣòfin ní 2024 pé káńsù gbọ́dọ̀ máa dá nínú owó rẹ̀ sí àsùnwọ̀n àjùmọ̀ní. Yàtọ̀ sí èyí, abala 162 ṣì wà nínú ìwé òfin bó ṣe wà, abala 7 sì ṣì sọ pé òfin ìpínlẹ̀ ló máa to ètò àti ìnáwó káńsù.

Ìdí kan tún wà tí kì í ṣe ti olóṣèlú nìkan: ta ló máa san owó àwọn tísà? Ní nǹkan bí 1999, wọ́n ń yọ owó oṣù tísà láti orísun, ọ̀pọ̀ káńsù wá ń gba òdo lóṣù. Àwọn èèyàn tó rí ìgbà yẹn ò tíì gbàgbé.

Ìkẹta àti ìkẹrin: owó oṣù àti owó orí

Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje 2024, Tinubu fọwọ́ sí òfin tó gbé owó oṣù tó kéré jù láti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n náírà sí àádọ́rin. Ọ̀yọ́ gbé tirẹ̀ dé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin. Ó dáa fún òṣìṣẹ́, kò sì pọ̀ jù bí ẹ bá wo ọjà. Ṣùgbọ́n nínú owó káńsù kan náà ló ti ń jáde, kí wọ́n tó rà ọkọ́ kan láti kó gọ́tà.

Ní oṣù Kẹfà 2025, ó tún fọwọ́ sí òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní 2026. Nínú VAT, ìpín ìjọba àpapọ̀ wálẹ̀ láti 15 sí 10, ti ìpínlẹ̀ gòkè láti 50 sí 55. Ti káńsù dúró sí 35. Márùn-ún tí Àbújá fi sílẹ̀, ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ ló lọ. Ìjọba tó ń jà fún káńsù ní ilé ẹjọ́ ò fún un ní kọ́bọ̀ kún un níbí.

Ṣé tààrà ti tó?

Lójú tèmi, rárá. Ẹ wo Ọ̀ṣun. Ní 2025, nígbà tí APC àti PDP ń jà sí ta ló ni ọ́fíìsì káńsù, Àbújá dá owó gbogbo káńsù 30 dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọwọ́ tó lè rán owó tààrà náà ló lè dì í mú. Tí káńsù bá bọ́ lọ́wọ́ gómìnà tó bọ́ sí ti ààrẹ, a kàn gbé ẹrù láti èjìká ọ̀tún sí òsì ni.

Ohun tó lè dáàbò bo owó yẹn ni kí àwọn tó ni ín máa béèrè rẹ̀. Ìyẹn àwa.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe nìyí. Ọ́fíìsì akápò àgbà ìjọba àpapọ̀ máa ń gbé ìpín káńsù kọ̀ọ̀kan jáde lóṣooṣù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá ti Ìdó tàbí ti káńsù yín. Ẹ kọ̀wé béèrè lábẹ́ òfin FOI ti 2011, tó fún ọ́fíìsì ìjọba ní ọjọ́ méje láti dáhùn. Ní oṣù Kẹrin 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ pé òfin yẹn mú gbogbo ìpínlẹ̀. Ẹ béèrè ohun kan pàtó: èló ni ẹ gbà lóṣù yìí, èló ni wọ́n yọ fún tísà, èló ló lọ sí ọ̀nà àti gọ́tà?

Ní àwọn àdúgbò wa, ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù ló ń dáwó ra tiransifọ́mà, àwọn ló ń da yanrìn sójú ọ̀nà, àwọn ló ń san owó ọlọ́dẹ. Wọ́n máa ń ṣe ìpàdé, wọ́n sì máa ń ka ìṣirò owó sókè kí wọ́n tó tú ká. Ẹni tó dá ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ bí wọ́n ṣe ná an. Mi ò rí ìdí tí ti káńsù fi gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Sáà àwọn alága Ọ̀yọ́ tó wọlé ní 2024 á parí ní 2027. Ẹ má dúró dìgbà yẹn kẹ́ ẹ tó mọ orúkọ tiyín.