Àṣẹ Kì í Bá Ẹrù Rìn: Ìtàn Fáìlì àti Àwọn Tí Ó Ni Í

Ní ọdún 2003, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pín ìjọba ìbílẹ̀ Kosofe sí mẹ́ta: Kosofe fúnra rẹ̀, Ikosi-Isheri, àti Agboyi-Ketu. Ará Ketu sùn ní Kosofe, ó jí ní Agboyi-Ketu, bẹ́ẹ̀ ni kò kó igbá tàbí àwo kúrò nílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀ràn náà dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, ìdájọ́ oṣù Kejìlá ọdún 2004 sọ pé Ìpínlẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe òfin bẹ́ẹ̀, àmọ́ òfin náà kò lè ṣiṣẹ́ títí àwọn aṣòfin ní Àbújá yóò fi ṣe tiwọn. Orúkọ Kosofe wà nínú Òfin Orílẹ̀-èdè ọdún 1999. Orúkọ àwọn méjì yòókù kò sí níbẹ̀. Ilẹ̀ ti pín, orúkọ kò tíì wọ ìwé.

Àwọn tí ń kó wẹ́ẹ̀bùsáìtì láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn mọ irú ọ̀ràn yìí. Fáìlì dé pé pérépéré, kò sí èyí tí ó jábọ́ lọ́nà, síbẹ̀ ojú ìwé kọ̀, kò ṣí. Láti mọ ìdí rẹ̀, ó yẹ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀.

Ní MIT ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1961, Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ètò kan tí wọ́n pè ní CTSS, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi lè lo kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo pọ̀. Ibi tí ènìyàn bá ti pọ̀, ẹjọ́ kò ní ṣàìsí níbẹ̀. Ní ọjọ́ kan láàárín àwọn ọdún 1960 sí 1969, alábòójútó kan ń tún ìwé pásíwọ́ọ̀dù ṣe, èkejì ń tún ọ̀rọ̀ ìkíni ojoojúmọ́ ṣe, nínú fódà kan náà. Ohun èlò tí wọ́n fi ń kọ̀wé ń lo orúkọ kan ṣoṣo fún fáìlì ìgbà díẹ̀. Bí ìwé méjèèjì ṣe pààrọ̀ ara wọn nìyẹn: ẹnikẹ́ni tí ó wọlé, pásíwọ́ọ̀dù gbogbo ènìyàn ni ó fi kí i káàbọ̀!

Ní ọdún 1965, Daley àti Neumann tẹ àpẹẹrẹ Multics jáde, níbi tí fódà ti lè wà nínú fódà, tí a sì kọ àwọn tí ó lè wọlé sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Unix ti Ken Thompson àti Dennis Ritchie dín ìwé gígùn yẹn kù. Nínú ìwé ìlò rẹ̀ àkọ́kọ́, oṣù Kọkànlá ọdún 1971, a ti rí chmod àti chown. Olóhun àti àwọn yòókù nìkan ni ó kọ́kọ́ mọ̀. Lẹ́yìn náà ni a fi ẹgbẹ́ sí àárín. Ọmọ Yorùbá kò nílò olùkọ́ fún èyí: onílé, ẹbí, àlejò. Kíkà jẹ́ 4, kíkọ jẹ́ 2, ẹ̀kẹta jẹ́ 1. Lórí fáìlì, ẹ̀kẹta yìí ni àṣẹ láti mú un ṣiṣẹ́. Lórí fódà, àṣẹ àtigba ẹnu ọ̀nà kọjá ni.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Unix kì í kọ orúkọ olóhun sára fáìlì, nọ́ńbà ni ó ń kọ. Ìwé mìíràn nínú kọ̀ǹpútà ni ó ń sọ ẹni tí nọ́ńbà náà jẹ́, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan sì ní ìwé tirẹ̀. Ká ní nọ́ńbà lásán ni wọ́n kọ sára apẹ̀rẹ̀ tòmátì láti Kano, tí nọ́ńbà kan náà sì jẹ́ ti ẹlòmíràn ní Mile 12, ta ni yóò gbé tòmátì lọ? Tar ọdún 1979 nọ́ńbà nìkan ni ó ń dì mẹ́rù. Ìlànà POSIX ọdún 1988 ni ó fi orúkọ kún un. Rsync ti Andrew Tridgell àti Paul Mackerras, tí ó jáde ní 1996, a máa wá orúkọ kí ó tó wá nọ́ńbà, bí ẹni tí ń lò ó bá ní àṣẹ ọ̀gá pátápátá.

Ọ̀lẹ a máa kọ 777 sára gbogbo rẹ̀, kí ó lè sùn. Ojú ìwé yóò ṣí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí ayálégbé mẹ́wàá ń gbé, ta ni ń ṣílẹ̀kùn yàrá sílẹ̀ lọ sọ́jà? Àwọn mìíràn a fi àṣẹ 644 kan ṣoṣo bo fáìlì àti fódà pọ̀, ni ẹnu ọ̀nà bá dí, nítorí 1 ti kúrò nínú rẹ̀. Nínú fódà ńlá, irú àṣìṣe yìí kì í tètè hàn. Ext3, tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Linux lò nígbà kan, kò gbà ju nǹkan bí 32,000 fódà lọ nínú fódà kan. Ìdí kan nìyẹn tí àwọn àgbà oníṣẹ́ fi ń pín àwòrán sí ọdún àti oṣù.

Lónìí, getfacl lè kọ àṣẹ gbogbo fódà sílẹ̀ kí a tó kó ẹrù, kí setfacl sì dá a padà níbi tuntun. Orúkọ ni ó wà nínú ìwé yẹn pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹni tí ó mọṣẹ́ a kọ́kọ́ dá àwọn orúkọ náà sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tuntun, kí fáìlì àkọ́kọ́ tó gbéra.