Eérú Èédú: Bí Pàǹtí Ilé Iṣẹ́ Mànàmáná Ṣe Di Ohun Ìkọ́lé

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá eérú èédú tí wọ́n ń pò mọ́ sìmẹ́ǹtì léwu, irú ìwé méjì ni yóò bá pàdé. Èyí tí àwọn tó ń tà á kọ yóò ní kò séwu lóko, àfi gìrì àparò. Èyí tí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ àyíká kọ yóò ní májèlé gbáà ni. Ọdún tí nǹkan ṣẹlẹ̀ pàápàá, ohun tí ọ̀kan kọ kì í bá ti èkejì mu. Mo to ìtàn náà jọ síbí kí ẹni tó ń wá a má baà máa ṣà á kiri. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni yóò gba àyè jù, nítorí ibẹ̀ ni ilé ẹjọ́ àti àjọ ìjọba ti kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ jù.

Ilé iṣẹ́ mànàmáná tó ń lo èédú inú ilẹ̀ máa ń lọ èédú náà kúnná bí èlùbọ́ kí wọ́n tó fẹ́ ẹ sínú iná. Ohun tí kò lè jóná nínú rẹ̀ á yọ́, á di hóró gíláàsì róbótó-róbótó tí ojú lásán kò lè rí, á sì bá èéfín gòkè. Tí a bá po sìmẹ́ǹtì mọ́ omi, láìmù kan máa ń yọ nínú rẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe kọnkéré lóore. Eérú yìí á bá láìmù náà ṣiṣẹ́, àwọn méjèèjì á di ohun líle mìíràn tí yóò dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ inú kọnkéré. Ìdí nìyí tí kọnkéré eléérú fi máa ń pẹ́ kó tó le, tí kì í sì í tètè jẹ́ kí omi wọlé nígbà tó bá gbó. Ṣùgbọ́n ásẹ́níìkì, òjé àti bórọ́ọ̀nù tó wà nínú èédú kì í jóná. Èédú á lọ, àwọn á kù, inú eérú kan náà ni wọn yóò sì kó jọ sí. Orí ọ̀rọ̀ méjì yìí ni gbogbo ìjà náà dúró lé.

Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ti ń po eérú òkè ayọnáyèéfín láti Pozzuoli mọ́ láìmù láti fi kọ́lé. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun púpọ̀ láti sọ títí di nǹkan bí 1907, nígbà tí Frederick Cottrell ní California ṣe ẹ̀rọ tó ń fi agbára iná mànàmáná gba eruku lọ́nà kó tó bá èéfín jáde. Bí wọ́n ṣe ń gbá eérú náà jọ dípò kí afẹ́fẹ́ gbé e lọ, ó di òkìtì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí wọn yóò fi í ṣe. Ní 1937, R. E. Davis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde lórí eérú nínú kọnkéré. Ìwé yẹn ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ di mú fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Dáàmù wo ni wọ́n kọ́kọ́ lo eérú fún? Ibi tí àwọn ìwé ti ń ta ko ara wọn jù nìyí. Ọ̀pọ̀ ló kọ ọ́ pé Hoover Dam ni, ní 1929. Èyí kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1931 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Hoover, oṣù Kẹfà 1933 ni wọ́n sì kọ́kọ́ da kọnkéré síbẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ohun tó da ọ̀rọ̀ rú ni pé wọ́n lo eérú nígbà tí wọ́n ń tún ọ̀nà omi abẹ́ ilẹ̀ Hoover ṣe ní 1942, ìyẹn ọdún méje lẹ́yìn tí wọ́n parí dáàmù fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ àtúnṣe ni, kì í ṣe iṣẹ́ ìpìlẹ̀. Dáàmù ńlá àkọ́kọ́ tí eérú jẹ́ ara ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ láti ilẹ̀ ni Hungry Horse ní Montana, tí wọ́n kọ́ láàárín 1948 sí 1953. Eérú tí wọ́n lò níbẹ̀ tó nǹkan bí 120,000 tọ́ọ̀nù. Owó nìkan kọ́ ló mú wọn lò ó. Kọnkéré tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ máa ń gbóná nínú bó ṣe ń le, tí òde rẹ̀ bá sì tutù nígbà tí inú ṣì gbóná, yóò sán. Bí eérú bá gba àyè díẹ̀ nínú àyè sìmẹ́ǹtì, ooru náà á dínkù. Àwọn ará Scotland náà lò ó ní dáàmù Lednock ní àárín àwọn ọdún 1950. N kò tíì rí ẹni tó sọ pé eérú inú Hungry Horse ba omi ẹnikẹ́ni jẹ́.

Ìyà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n lo eérú láìsí sìmẹ́ǹtì. Ní agbègbè York, ní Virginia, láti 1957 sí 1974, wọ́n kó eérú láti ilé iṣẹ́ mànàmáná kan lọ dí àwọn kòtò tí wọ́n ti wa iyanrìn tán lẹ́bàá odò Chisman Creek. Lójú wọn nígbà náà, ohun tó dáa ni: kòtò dí, òkìtì eérú sì lọ. Ní 1980, ọmọ àdúgbò kan rí i pé omi kànga òun ti di aláwọ̀ ewé. Àyẹ̀wò fi hàn pé nickel àti vanadium ti wọnú omi náà. Ní 1983, ìjọba àpapọ̀ kọ orúkọ ibẹ̀ mọ́ àwọn ilẹ̀ tó bàjẹ́ jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n bo eérú mọ́lẹ̀, wọ́n fa omi ẹ̀rọ fún àwọn aráàdúgbò, wọ́n sì ṣe pápá ìṣeré sórí rẹ̀.

Òfin kò tètè dé. Ní 1976, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin lórí pàǹtí, ṣùgbọ́n ní 1980, àtúnṣe kan tí wọ́n fi orúkọ Tom Bevill, aṣòfin láti Alabama, pè, yọ eérú èédú kúrò lára pàǹtí eléwu títí wọn yóò fi ṣe ìwádìí. Ìwádìí yẹn gbà ju 10 ọdún lọ. Kí ó tó parí, ní 1983, àjọ EPA tó ń rí sí ààbò àyíká ti ní kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba máa ra kọnkéré tó ní eérú nínú. Ní 1993 àti 2000, àjọ kan náà sọ pé eérú kì í ṣe pàǹtí eléwu. Mo gbà pé wọn kò ṣìnà ní ti kọnkéré. Àléébù wọn ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi bo ìlò méjì tí kò jọra: eérú tí a pò mọ́ kọnkéré àti eérú tí a dà sílẹ̀ lásán.

Town of Pines ní Indiana ló fi èyí hàn kedere. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n fi eérú ilé iṣẹ́ mànàmáná tó wà nítòsí dí ilẹ̀ ojú títì àti àgbàlá ilé níbẹ̀. Ní 2000, ẹnì kan fi ẹjọ́ omi kànga rẹ̀ sun ìjọba. Bórọ́ọ̀nù àti molybdenum pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ásẹ́níìkì nínú ilẹ̀ àgbàlá àwọn ilé kan, níbi tí ọmọdé ti ń ṣeré. Àwọn tó ń gbèjà eérú máa ń fèsì pé bórọ́ọ̀nù àti ásẹ́níìkì ti wà nínú ilẹ̀ kí eérú tó dé. Òótọ́ ni pé wọ́n wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba tọ omi náà láti kànga dé ibi tó ti ń ṣàn wá, abẹ́ eérú ló gbà kọjá, wọ́n sì fa omi ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Mo gba ẹ̀rí yẹn.

Ti pápá gọ́ọ̀fù Battlefield ní Chesapeake, Virginia, kò rí bẹ́ẹ̀. Eérú mílíọ̀nù 1.5 tọ́ọ̀nù ni wọ́n fi mọ òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pápá náà láàárín 2002 sí 2007. Ẹ̀rù ba àwọn aládùúgbò, wọ́n pe ẹjọ́. Nígbà tí EPA yẹ ibẹ̀ wò, ìjábọ̀ wọn ní 2010 ni pé eérú kò tíì ba omi kànga àwọn ilé náà jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi Battlefield dá gbogbo eérú lẹ́bi kò ní ẹsẹ̀ tó lágbára. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi í dá a láre gbọ́dọ̀ rántí pé omi abẹ́ ilẹ̀ kì í sáré, àti pé ọdún mẹ́ta péré ló wà láàárín ìgbà tí wọ́n parí pápá náà àti ìgbà tí ìjábọ̀ jáde.

Àwọn kan a máa pariwo pé eérú ní ìtànṣán bíi ti ilé iṣẹ́ mànàmáná átọ́míìkì. Ìwé kan tó jáde ní 1978 ló bẹ̀rẹ̀ ariwo náà. Ní 1997, àjọ tó ń ṣèwádìí ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, USGS, fèsì pé ohun tó wà nínú eérú kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti òkúta lásán. N kò ní fi àyè ṣòfò lórí ìyẹn.

Lóru ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá 2008, ní nǹkan bí aago kan, ògiri adágún eérú ya ní Kingston, Tennessee, ní ilé iṣẹ́ mànàmáná TVA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ẹrẹ̀ eérú tó lé ní bílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù tú sínú odò Emory àti sórí ilẹ̀ tó tó 300 éékà. Ó ti àwọn ilé kúrò lórí ìpìlẹ̀ wọn. Kò sí ẹni tó kú lóru ọjọ́ náà. Kì í ṣe eérú àtúnlò ló ya, eérú tí wọ́n tọ́jú ni, ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí gbogbo Amẹ́ríkà béèrè ibi tí eérú ń lọ. Òwe wa ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ti Kingston kò gba ọ̀nà yẹn. Wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin kó nǹkan bíi mílíọ̀nù 4 tọ́ọ̀nù rẹ̀ lọ sí Uniontown ní Alabama, ìlú kékeré tí aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí jù lọ. Àwọn tó kó o kúrò nílẹ̀ náà fara gbá a. Àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 200 pe ẹjọ́ pé wọ́n kó àwọn sínú eruku láìfún àwọn ní ìbòmú tó yẹ. Àwọn adájọ́ aráàlú dá wọn láre ní apá àkọ́kọ́ ẹjọ́ náà ní 2018, wọ́n sì parí ọ̀rọ̀ náà nítùbí-ìnùbí ní 2023.

Lẹ́yìn Kingston ni EPA tó ya ìlò méjèèjì sọ́tọ̀. Ní oṣù Kejì 2014, wọ́n sọ pé eérú inú kọnkéré àti jípísọ́ọ̀mù tí wọ́n ń rí nídìí ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín, èyí tí wọ́n fi ń ṣe pátákó ara ògiri, kò léwu ju kọnkéré tí kò ní eérú àti jípísọ́ọ̀mù tí wọ́n ń wà láti inú ilẹ̀ lọ. Òfin tó jáde ní oṣù Kẹrin 2015 béèrè ohun mẹ́rin kí a tó lè pe lílo eérú ní àtúnlò tó wúlò: kí ó ṣe iṣẹ́ gidi, kí ó rọ́pò ohun tí à bá wà láti inú ilẹ̀, kí ó bá ìlànà iṣẹ́ náà mu. Ìkẹrin ni pé ẹni tó bá fẹ́ da èyí tó ju 12,400 tọ́ọ̀nù sórí ilẹ̀ láìdì í mọ́ nǹkan, yàtọ̀ sí iṣẹ́ títì, gbọ́dọ̀ fi hàn pé ohun tí yóò jò nínú rẹ̀ kò ju ti yẹ̀pẹ̀ tàbí òkúta lásán lọ, tàbí pé kò kọjá ìwọ̀n tí ìjọba gbà láàyè. Ẹni tó bá wá da 12,000 ńkọ́? Òfin náà kò béèrè ìkẹrin yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Títì pẹ̀lú rìn lọ bẹ́ẹ̀. Mo ka èyí sí ihò ńlá nínú òfin náà.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn náà ní ìtàn tiwọn. Wọ́n kó eérú láti ilé iṣẹ́ mànàmáná kan ní Guayama, Puerto Rico, lọ sí orílẹ̀-èdè Dominican ní 2003 àti 2004. Ìjọba ibẹ̀ pe ẹjọ́, ilé iṣẹ́ náà sì san mílíọ̀nù $6 ní 2007. Íńdíà ní tirẹ̀ pàṣẹ ní 1999 pé kí àwọn tó ń ṣe bíríkì nítòsí ilé iṣẹ́ mànàmáná máa po eérú mọ́ amọ̀ wọn.

Ní báyìí, eérú tuntun ti ń wọ́n. Britain ti ilé iṣẹ́ mànàmáná eléèédú tó kẹ́yìn, Ratcliffe-on-Soar, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 2024. Ní Amẹ́ríkà, òfin mìíràn jáde ní 2024 lórí àwọn adágún àtijọ́, àwọn ilé iṣẹ́ sì ti ń wa eérú ayé ọjọ́un jáde láti tà á fún àwọn oníkọnkéré.

Gáàsì àti omi ló ń fún wa níná ní Nàìjíríà, nítorí náà eérú èédú kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n pàǹtí ilé iṣẹ́ mìíràn pọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ àbàtà tí a ń kún kí a tó kọ́lé, kànga sì máa ń wà nínú àgbàlá kan náà. Bí típà bá gbé irú pàǹtí bẹ́ẹ̀ wá tí wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni, ẹ béèrè ilé iṣẹ́ tó ti jáde àti ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọn kò bá rí ìdáhùn fún yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà á.