Májèlé Tó Pa Ọmọ Lẹ́ẹ̀mejì: Ẹ̀kọ́ Ìtàn fún Ẹni Tó Ń Ṣe Oògùn àti Ẹni Tó Ń Rà Á

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí láàárín ọ̀rẹ́ méjì, láàárín tọkọtaya àti láàárín aládùúgbò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí gbígbàgbé rẹ̀ ń pa ènìyàn. Ní ọdún 1990, oògùn olómi kan pa àwọn ọmọdé ní Ìbàdàn àti ní Jos. Ní ọdún 2008, májèlé kan náà tún pa àwọn ọmọdé mìíràn ní Nàìjíríà. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ tọpasẹ̀ ìjà tí orílẹ̀-èdè wa ń bá ayédèrú oògùn jà: àwọn ohun ìjà tí a ti lò, ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ àti ibi tí wọ́n ti kùnà. Láti inú ìtàn náà ni a ó ti rí ohun tó kù fún ẹni tó ń ṣe oògùn àti ẹni tó ń rà á láti ṣe.

Ó yẹ kí ìtàn yìí yé àwa tí a ń gbé ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ dáadáa. Lẹ́bàá títì márosẹ̀ tó ti Òṣòdì lọ sí Àpápá ni ọ́fíìsì àjọ NAFDAC wà, ní àgbègbè àwọn ilé-iṣẹ́ ní Ìsọlọ̀. Àjọ náà tún ní ilé àyẹ̀wò ní Òṣòdì. Ní Ìsọlọ̀ yìí kan náà, lójú ọ̀nà Ọjà Aswani, ni ilé-iṣẹ́ Emzor wà, èyí tí Ìyáàfin Stella Okoli bẹ̀rẹ̀ ní 1977 gẹ́gẹ́ bí ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Ṣómólú. Ní ibùdókọ̀ Òṣòdì, a sì máa ń rí àwọn tó ń gbé oògùn wọ inú ọkọ̀, tí wọ́n á máa polówó rẹ̀ bí ẹni ń polówó gúgúrú. Ẹni tó ń ṣe oògùn, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó ń kiri rẹ̀ àti ẹni tó ń rà á, ojú títì kan náà ni gbogbo wọn ń gbà.

Ohun ìjà àkọ́kọ́ ni òfin. Ní 1985, Àjọ Ìlera Àgbáyé pe àwọn ọ̀mọ̀ràn jọ sí Nairobi ní orílẹ̀-èdè Kenya, níbi tí wọ́n ti mẹ́nu ba ewu ayédèrú oògùn. Ní 1988, ìjọba ológun Nàìjíríà gbé Òfin Kọkànlélógún jáde láti dènà ayédèrú oògùn. Òfin náà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó dárúkọ ọjà, ìsọ̀ ẹ̀bá ọ̀nà, ibùdókọ̀ àti inú ọkọ̀ èrò gẹ́gẹ́ bí ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ti ta oògùn láìgba àṣẹ. Ẹni tó bá ka òfin yìí á rò pé Òṣòdì ni àwọn tó kọ ọ́ dúró sí nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Síbẹ̀, kíkiri oògùn kò tán. Lẹ́yìn àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin náà ní 1999, ẹni tí wọ́n bá mú pẹ̀lú ayédèrú oògùn lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 5 sí 15, tàbí kí ó san owó ìtanràn tí kò ju ₦500,000 lọ. Ẹni tó ń fi ayédèrú oògùn pa àràádọ́ta mílíọ̀nù lè san irú owó bẹ́ẹ̀ kí ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Òfin tí kò dun ẹlẹ́ṣẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ kì í bà á.

Ọdún méjì lẹ́yìn tí òfin náà jáde ni àjálù 1990 ṣẹlẹ̀. Oògùn olómi tí wọ́n fi parasitamọ́ọ̀lù ṣe ni, èyí tí àwọn ìyá máa ń fún ọmọ tí ara rẹ̀ bá gbóná. Kí parasitamọ́ọ̀lù tó lè yòrò nínú omi, àwọn apòògùn máa ń lo ohun olómi kan tó ń jẹ́ propylene glycol. Ó ní ẹlòmíràn tó jọ ọ́ bí ìbejì, orúkọ rẹ̀ ni diethylene glycol. Àwọn méjèèjì mọ́ bí omi, méjèèjì dùn lẹ́nu, kò sì sí ìkankan tó ń rùn. Ṣùgbọ́n èkejì yìí, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń fi í ṣe, irú bíi òróró bíréèkì ọkọ̀. Owó pọ́ọ́kú ni, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ọmọ tó bá mu ún á dẹ́kun títọ̀, ara rẹ̀ á wú, ikú ló sì sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Iye ọmọ tí a sábà máa ń kà pé ó kú ní Ìbàdàn àti Jos ní ọdún náà ni 109.

Ohun tó dunni jù ni pé ayé ti mọ májèlé yìí tipẹ́. Ní 1937, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà fi í po oògùn kan tí wọ́n ń pè ní Elixir Sulfanilamide, láìkọ́kọ́ dán an wò bóyá ó lè pa ènìyàn. Ènìyàn 105 ló kú. Ọ̀rọ̀ náà ló mú kí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tuntun ní 1938, pé kò sí oògùn tuntun tí a ó tà láìjẹ́ pé ẹni tó ṣe é ti fi hàn pé kò léwu. Nígbà tí àwọn ọmọ wa kú ní 1990, ẹ̀kọ́ yìí ti pé ọdún 53.

Ohun ìjà kejì ni olùyẹ̀wò. Òfin Kẹẹ̀ẹ́dógún ti ọdún 1993 ló fi ẹsẹ̀ àjọ NAFDAC múlẹ̀. Àjọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ lókìkí títí di oṣù Kẹrin ọdún 2001, nígbà tí Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fi Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili, tó jẹ́ apòògùn, ṣe olórí rẹ̀. Obìnrin yìí mọ ohun tí ayédèrú oògùn ń ṣe, nítorí pé ayédèrú insulin ló pa àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ní àtọ̀gbẹ ní 1988. Lábẹ́ rẹ̀, NAFDAC ń lọ wo àwọn ilé-iṣẹ́ ní India àti China kí oògùn wọn tó wọ̀lú, wọ́n ń dáná sun ayédèrú ní gbangba, wọ́n sì ń kéde lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n pé kí oníbàárà wo nọ́ńbà NAFDAC lára ohun tó bá ń rà. Àwọn tó ń jẹ nídìí ayédèrú bínú. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2003, àwọn agbébọn yìnbọn lu ọkọ̀ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Anambra. Ọta ha á lórí, ó gba inú gèlè rẹ̀ kọjá. Kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí àjọ náà máa ń tọ́ka sí, ayédèrú nínú oògùn Nàìjíríà dín kù láti ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2001 sí nǹkan bí ìdá 17 ní 2006.

Ẹni tó bá ka ìtàn yìí dé ibí lè rò pé ogun ti parí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008, àwọn ọmọ ọwọ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú kíndìnrín tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Oògùn tí wọ́n ti mu ni My Pikin, èyí tí àwọn ìyá ń fún ọmọ tó bá ń hu eyín. Nígbà tí àwọn aláṣẹ parí ìṣirò, ọmọ 84 ló ti kú. Diethylene glycol náà ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Ní oṣù Kárùn-ún ọdún 2013, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó dá ẹ̀wọ̀n ọdún méje fún òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà méjì, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ náà pa.

Ibí ni kókó ọ̀rọ̀ mi wà. Kì í ṣe ẹni tó ń sá pamọ́ sínú ilé àkọ́kù ló ṣe My Pikin. Ilé-iṣẹ́ tí NAFDAC mọ̀ ni. Ìyá tó ra oògùn náà lè ti wo nọ́ńbà, kí ó wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, kí ó wo orúkọ ilé-iṣẹ́, kí gbogbo rẹ̀ sì pé. Ayédèrú náà kò sí lára páálí. Inú dúrọ́ọ̀mù èròjà ló wà, èyí tí ilé-iṣẹ́ náà rà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní àṣẹ láti ta á. Èyí fi hàn wá pé ẹni tó ń ṣe oògùn, oníbàárà ni òun náà. Bí ìyá ọmọ ṣe lè bọ́ sọ́wọ́ onígbàjuẹ̀ ní kẹ́míìsì, bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ṣe lè bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjà kẹ́míkà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ ní agbára láti dán èròjà wò, ìyá ọmọ kò ní in.

Ohun ìjà kẹta ni wọ́n fi sọ́wọ́ oníbàárà. Ní 2010, nígbà tí Dókítà Paul Orhii ń darí NAFDAC, àjọ náà gbé ètò kan kalẹ̀ tó jẹ́ kí ẹni tó ra oògùn fi fóònù yẹ̀ ẹ́ wò. Ilé-iṣẹ́ á tẹ nọ́ńbà tí kò jọ ti òmíràn sára páálí kọ̀ọ̀kan, wọn á sì bò ó mọ́lẹ̀ bíi ti káàdì tí a fi ń pe fóònù. Oníbàárà á ha á, á fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ gẹ́gẹ́ bí àtẹ̀jíṣẹ́, ìdáhùn á sì padà wá bóyá ojúlówó ni tàbí kì í ṣe ojúlówó. Ọmọ Ghana kan, Ashifi Gogo, wà lára àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ Sproxil sílẹ̀, èyí tó bá NAFDAC ṣe iṣẹ́ náà. Ètò yìí dára, nítorí pé ó sọ oníbàárà di olùyẹ̀wò.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí a ṣe ń ra oògùn gan-an ní àdúgbò wa. Ọ̀pọ̀ kì í ra odidi páálí. Alágbàtà á fi àlùmọ́gàjí gé hóró méjì tàbí mẹ́rin fún wa, á fi wọ́n sínú ọ̀rá, páálí tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ á sì kù sọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù, tí ayédèrú sì ń dọdẹ rẹ̀ jù, ni kò ní ohun tí yóò ha. Yàtọ̀ sí èyí, nọ́ńbà náà lè sọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe oògùn fún wa, kò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kò bá má ti gba àwọn ọmọ 84 yẹn là.

Kí wá ni ṣíṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, kí ilé-iṣẹ́ oògùn máa dán gbogbo dúrọ́ọ̀mù èròjà wò kí wọ́n tó ṣí i lò, kí wọ́n má fi ìwé tí alágbàtà mú wá ṣe ẹ̀rí. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Nítorí náà, kí ilé àyẹ̀wò ìjọba máa mú lára èròjà yìí lójijì, kí wọ́n má dúró de oògùn tó ti wà lórí àtẹ. Lẹ́ẹ̀kejì, kí àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe páálí kékeré olóhóró mẹ́rin tàbí mẹ́fà, tí nọ́ńbà tirẹ̀ wà lára rẹ̀, kí tálákà náà lè rí nǹkan ha. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí àwọn aṣòfin sọ owó ìtanràn di ohun tí yóò ta ẹlẹ́ṣẹ̀ lára.

Ní ti àwa oníbàárà, kí a dẹ́kun ríra oògùn nínú ọkọ̀ àti lórí wíìlìbárò. Kí a ra oògùn ọmọdé níbi tí apòògùn tó gbàṣẹ wà, kí a sì bi í léèrè. Kí a má tètè ju ìgò àti páálí nù títí ara aláìsàn yóò fi yá, nítorí pé bí nǹkan bá yíwọ́, ìgò yẹn ni dókítà yóò fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Bí ọmọ kò bá tọ̀ lẹ́yìn tó mu oògùn, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ pẹ̀lú ìgò náà, kí a má dúró dọjọ́ kejì.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé oògùn olómi mẹ́rin tó wá láti India ní diethylene glycol nínú. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọmọ tó kú ní Gambia. Ọdún 85 ti kọjá lẹ́yìn ti Amẹ́ríkà, ọdún 32 lẹ́yìn ti Ìbàdàn àti Jos, ọdún 14 lẹ́yìn My Pikin. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn gbẹ́kẹ̀ lé ṣíbí oògùn kan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọ̀rọ̀ àná yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí a gbàgbé rẹ̀.