Páànù Kọ́ Ni Ìbẹ̀rẹ̀: Àwòrán Sátẹ́láìtì àti Ilẹ̀ Oko ní Ìwàràjà

Láti 1991 tí Òṣogbo ti di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni ilé ti ń gba ilẹ̀ mọ́ oko lọ́wọ́ ní gbogbo àyíká rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó fẹ́ díwọ̀n irú àyípadà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń to àwòrán sátẹ́láìtì Landsat ọdún mélòó kan síra, wọn a pín ilẹ̀ sí igbó, oko, omi àti ilé, wọn a sì ṣírò ohun tí ọ̀kan gbà lára èkejì. Ọ̀nà náà bá Òṣogbo mu. Èrò mi ni pé bí a bá gbé e lọ sí Ìwàràjà láìtún un ṣe, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ la ó máa dé.

Ìwàràjà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé, níbi tí ọ̀nà Àkúrẹ́ àti ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n Aláayè ti pínyà fún ẹni tó ti Iléṣà bọ̀. Ní irú oríta bẹ́ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ilé ń yọ láàárín kòkó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Píksẹ́lì Landsat kan, ẹyọ tó kéré jù nínú àwòrán rẹ̀, jẹ́ 30 mítà níbùú lóròó, ìyẹn 900 mítà onígun mẹ́rin. Pulọ́ọ̀tì 50 ẹsẹ̀ bàtà sí 100 kò ju nǹkan bíi 465 lọ. Píksẹ́lì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pulọ́ọ̀tì méjì! Bí ilé bá wà lórí ọ̀kan, tí kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lórí èkejì, àwọ̀ wọn á dà pọ̀, kọ̀ǹpútà sì lè pe gbogbo rẹ̀ ní oko. Èèyàn ti ń sun ibẹ̀, àmọ́ ilé náà kò sí nínú ìṣirò.

Àwọ̀ pàápàá ń tanni jẹ. Páànù tó ti dípẹtà jọ ilẹ̀ pupa tí katakata ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Kòkó abẹ́ igi ńlá jọ igbó. Ìkúukùu ń bo ilẹ̀ lásìkò òjò; bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ọyẹ́ àti èéfín oko jíjó tún ń dí ojú àwòrán.

Irinṣẹ́ ti dára sí i, mi ò jiyàn. Láti 2008 ni àwòrán Landsat, tí àkójọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1972, ti di ọ̀fẹ́. Sentinel-2 ti ilẹ̀ Yúróòpù, tó gòkè ní 2015, ń fúnni ní píksẹ́lì 10 mítà, ọ̀fẹ́ náà sì ni.

Síbẹ̀, kò sí èyí tó rí pílà sọ̀fíyọ̀, òpó tí wọ́n fi ń pààlà ilẹ̀, nínú wọn. Òfin Ilẹ̀ 1978 fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà, ṣùgbọ́n ẹbí ṣì ń ta ilẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ri pílà mọ́lẹ̀ ni oko ti yí padà. Àgbẹ̀ tó mọ̀ pé òun ò ní ká kòkó ọdún tó ń bọ̀ kì í roko abẹ́ rẹ̀ mọ́. Igbó á hù, ewé á sì pọ̀ sí i. Láti òkè, oko tó ń kú yìí lè tutù yọ̀yọ̀ ju oko tí wọ́n ń tọ́jú lọ. Ẹni tó bá gbára lé àwòrán nìkan á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ewéko ń gbèrú.

Àwọn kan á ní a ò lè fẹsẹ̀ rin gbogbo ilẹ̀. A ò sì ní láti rìn ín tán: ká mú ibi díẹ̀ lẹ́bàá títì àti lẹ́yìn ìlú, ká bá àgbẹ̀ débẹ̀, ká bi olórí ẹbí ohun tí wọ́n ti tà.

Mo rọ àwọn tó ń ṣètò ìlú ní Òṣogbo àti Iléṣà pé kí wọ́n máa gba àwòrán ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọọdún, kí wọ́n fi wé ìwé sọ̀fíyọ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹnu àgbẹ̀, kí wọ́n tó buwọ́ lu ètò pulọ́ọ̀tì tuntun lórí ilẹ̀ kòkó.