Arọ́pò-Orúkọ Olùwà àti Ìyípadà Ọ̀rọ̀-Ìṣe ní Àsìkò Ìsinsìnyí nínú Èdè Sípáníìṣì: Àlàyé fún Akẹ́kọ̀ọ́ Ìmọ̀ Yorùbá

Ìfáárà

Arọ́pò-orúkọ olùwà ni wúnrẹ̀n tí ó ń dúró fún ẹni tí ọ̀rọ̀-ìṣe ń sọ nípa rẹ̀: ẹni tí ń sọ̀rọ̀, ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀, tàbí ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Èdè Sípáníìṣì ní tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí èdè Yorùbá ti ní mo, o, ó, a, ẹ àti wọ́n. Òun ni èdè ìjọba ní Sípéènì, ní Kúbà, ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Gúúsù àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, àti ní Equatorial Guinea tí kò jìnnà sí etíkun Nàìjíríà.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ Yorùbá ní ìdí tirẹ̀ láti kọ́ èdè yìí. Púpọ̀ nínú ohun tí a ti kọ nípa àwọn ọmọ Yorùbá tí òwò ẹrú kó lọ sí Kúbà, àwọn tí a mọ̀ sí Lukumí níbẹ̀, èdè Sípáníìṣì ni a fi kọ ọ́. Lára wọn ni El Monte tí Lydia Cabrera tẹ̀ jáde ní Havana ní 1954, àti Anagó, àkójọ ọ̀rọ̀ Lukumí tí òun náà tẹ̀ jáde ní 1957. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, fáwẹ̀lì kan ṣoṣo ní ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe lè jẹ́ ohun tí ó fi ìyàtọ̀ hàn láàrin àgbà tí ń ròyìn ìṣe ara rẹ̀ àti àgbà tí ń ròyìn ìṣe ẹlòmíràn. Ẹni tí kò bá rí fáwẹ̀lì yẹn yóò gbé ọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò sọ ọ́.

Kókó àlàyé yìí ni pé ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ń ṣe iṣẹ́ mo, o àti ó nínú èdè Sípáníìṣì. Yo, tú, él àti àwọn ẹgbẹ́ wọn súnmọ́ èmi, ìwọ àti òun ju bí wọ́n ti súnmọ́ mo, o àti ó lọ.

Àwọn arọ́pò-orúkọ náà

Ẹni kìn-ín-ní, ẹyọ: yo
Ẹni kejì, ẹyọ: tú; usted (ti ọ̀wọ̀)
Ẹni kẹta, ẹyọ: él (ọkùnrin), ella (obìnrin)
Ẹni kìn-ín-ní, ọ̀pọ̀: nosotros; nosotras (obìnrin nìkan)
Ẹni kejì, ọ̀pọ̀: vosotros, vosotras (obìnrin nìkan), ustedes
Ẹni kẹta, ọ̀pọ̀: ellos, ellas (obìnrin nìkan)

Àmì tí ó wà lórí tú àti él kì í ṣe àmì ohùn. Èdè Sípáníìṣì kì í ṣe èdè olóhùn. Nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, ìyàtọ̀ lójú ìwé nìkan ni àmì náà ń ṣe: tú ni ìwọ, ṣùgbọ́n tu ni ‘rẹ’ nínú ‘ilé rẹ’. Nínú àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn, ó ń tọ́ka sí sílébù tí a gbọ́dọ̀ fi agbára pè.

Èdè Yorùbá kì í ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo nínú arọ́pò-orúkọ. Èdè Sípáníìṣì ń yà wọ́n. Bí ọkùnrin kan bá wà láàrin obìnrin mẹ́wàá, ellos ni a ó pè wọ́n lápapọ̀, kì í ṣe ellas.

Sípéènì ni a ti ń lo vosotros. Ní Kúbà àti ní gbogbo Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń sọ èdè yìí, ustedes ni a ń lò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìbáà jẹ́ ọ̀rẹ́ tàbí àgbà. Ní Ajẹntínà àti Úrúgúwè, vos ni wọ́n ń lò dípò tú, ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń tẹ̀ lé e sì ní ìparí tirẹ̀.

Ìyípadà ọ̀rọ̀-ìṣe

Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà nítorí olùwà. Mo lọ, o lọ, wọ́n lọ: lọ náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni èdè Yorùbá kò ní àfòmọ́ ìparí. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti àfòmọ́ àárín ni a mọ̀. Nítorí náà, etí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ti mọ́ra láti wá ìròyìn nípa olùwà ní iwájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Nínú èdè Sípáníìṣì, ẹ̀yìn ni kí ó máa wò.

Bí ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe wà nínú ìwé atúmọ̀-èdè, ó lè parí sí -ar, -er tàbí -ir. A ó yọ ìparí yìí kúrò, a ó sì fi àfòmọ́ tí ó bá olùwà mu rọ́pò rẹ̀. Àpẹẹrẹ wa ni hablar (sọ̀rọ̀), comer (jẹun) àti vivir (gbé).

yo: hablo, como, vivo
tú: hablas, comes, vives
él, ella, usted: habla, come, vive
nosotros, nosotras: hablamos, comemos, vivimos
vosotros, vosotras: habláis, coméis, vivís
ellos, ellas, ustedes: hablan, comen, viven

Kò pọn dandan kí a há àtẹ yìí sórí ní òròòró. Ẹ wo ohun tí kì í yẹ̀ nínú rẹ̀: -o ni ti ẹni kìn-ín-ní ẹyọ níbi gbogbo, -s ní ìparí ni ti tú, -mos ni ti nosotros, -n ni ti ọ̀pọ̀ ẹni kẹta àti ti ustedes. Ẹni kẹta ẹyọ àti usted kò ní kọ́ńsónáǹtì kankan ní ìparí. Ọ̀wọ́ -er àti ọ̀wọ́ -ir kò yàtọ̀ síra àfi níbi nosotros àti vosotros.

Ìdí tí arọ́pò-orúkọ kì í fi í sábà hàn

Nítorí pé hablo ti sọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀, kò sí ohun tí yo ń fi kún un. Hablo yoruba ti tó fún ‘Mo ń sọ Yorùbá’. Èyí kò ṣàjèjì sí wa pátápátá. Nínú ‘Kò wá’ àti ‘Yóò wá’, arọ́pò-orúkọ ó kì í hàn níwájú kò àti yóò, síbẹ̀ ẹni kẹta ẹyọ ni gbogbo wa ń gbọ́. Ohun tí èdè Yorùbá ń ṣe ní igun kékeré kan, èdè Sípáníìṣì ń ṣe é ní gbogbo ilé.

Ìgbà wo, nígbà náà, ni a ń lo yo àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a fi gírámà Yorùbá dán an wò. A mọ̀ pé èmi, ìwọ, òun, tí a ń pè ní arọ́pò-afarajorúkọ, lè ṣe ohun tí mo, o, ó kò lè ṣe.

Èkíní, wọ́n lè dá dúró. Bí a bá béèrè pé ‘Ta ni ó fẹ́ omi?’, ‘Èmi’ ni ìdáhùn, kì í ṣe ‘Mo’. Bákan náà ni ‘¿Quién quiere agua?’, ‘Yo’.

Èkejì, a lè fi àti so wọ́n pọ̀: èmi àti ìwọ, kì í ṣe mo àti o. Bákan náà ni tú y yo, ọ̀rọ̀-ìṣe yóò sì di ti ẹni kìn-ín-ní ọ̀pọ̀: Tú y yo hablamos.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ń gbé àtẹnumọ́ tàbí ìfiwéra. ‘Èmi ń sọ Yorùbá, òun ń sọ Gẹ̀ẹ́sì’ ni Yo hablo yoruba y ella habla inglés. Bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn tí a béèrè pé ta ni, ‘Èmi ni’ tí àwa máa wí ni Soy yo ní Sípáníìṣì.

Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń fi yo bẹ̀rẹ̀ gbogbo gbólóhùn dà bí ẹni tí ń sọ ní Yorùbá pé ‘Èmi jí, èmi wẹ̀, èmi jẹun, èmi lọ’. Gbólóhùn náà yéni, ṣùgbọ́n olùgbọ́ yóò máa wá ẹni tí olùsọ ń bá du ipò.

Ibi kan wà tí a nílò arọ́pò-orúkọ fún ìyanjú ọ̀rọ̀. Habla lè jẹ́ ti él, ti ella tàbí ti usted. Bí ọ̀rọ̀ tí ó ti ṣáájú kò bá fi ẹni náà hàn, a ó dárúkọ rẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí kì í tẹ̀ lé ìlànà

Àwọn tí a ń lò jù ni wọ́n sábà máa ń ya kúrò nínú ìlànà. Bí a ti to àtẹ òkè ni a to wọ̀nyí:

ser: soy, eres, es, somos, sois, son
estar: estoy, estás, está, estamos, estáis, están
ir (lọ): voy, vas, va, vamos, vais, van
tener (ní): tengo, tienes, tiene, tenemos, tenéis, tienen

Ọmọ Yorùbá ní ohun tí ó lè gbára lé nípa ser àti estar, nítorí pé jẹ́ àti wà kì í ṣe ọ̀kan náà létí wa. ‘Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí’ ni Soy estudiante; ‘Mo wà ní Ìbàdàn’ ni Estoy en Ibadan. Ìbámu náà kò pé, nítorí pé estar náà ni a fi ń sọ ipò tí ènìyàn wà: ‘Inú mi dùn’ ni Estoy contento lẹ́nu ọkùnrin, Estoy contenta lẹ́nu obìnrin.

Àwọn kan wà tí fáwẹ̀lì inú wọn ń yí padà nígbà tí sílébù rẹ̀ bá gba agbára ìpè: querer (fẹ́) di quiero, quieres, quiere, quieren, poder (lè) di puedo, puedes, puede, pueden. Ní queremos àti podemos, agbára ìpè ti kúrò lórí fáwẹ̀lì náà, nítorí náà kì í yí padà.

Ohun tí àsìkò ìsinsìnyí ń sọ

Ní Yorùbá, bí ọ̀rọ̀-ìṣe tí ń sọ ìṣe bá wà láìní ń, ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ni a sábà máa ń gbọ́: ‘Mo jẹun’ ti kọjá. Como kò kọjá. ‘Mo máa ń jẹun’ ni ìtumọ̀ rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ‘Mo ń jẹun’. Bí a bá fẹ́ tẹnu mọ́ ọn pé oúnjẹ wà lẹ́nu lọ́wọ́lọ́wọ́, a ó sọ pé Estoy comiendo. Ṣùgbọ́n fún fẹ́, ní àti mọ̀, tí kì í ṣe ìṣe ni wọ́n ń sọ, méjèèjì bára mu: ‘Mo fẹ́ omi’ ni Quiero agua.

Ìyísódì rọrùn. A ó fi no síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, ìparí rẹ̀ kò sì ní yí: No hablo francés, ‘N kò gbọ́ Faransé’.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀

Ibí yìí ni àṣà wa ti lè ṣi wá lọ́nà jù. Yorùbá ń fi ọ̀pọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan: ẹ fún àgbà tí a ń bá sọ̀rọ̀, wọ́n fún àgbà tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Èdè Sípáníìṣì ní usted, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe ẹni kẹta ẹyọ ni ó ń tẹ̀ lé e: usted habla. Inú vuestra merced, ‘oore-ọ̀fẹ́ yín’, ni usted ti ṣẹ̀ wá. Oyè ni wọ́n fi ń pe ẹni náà, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni kẹta, gẹ́gẹ́ bí a ti lè wí lójú ọba pé ‘Ṣé Kábíyèsí ti jí?’ Bí a bá sọ fún olùkọ́ kan ṣoṣo pé ustedes hablan, kò ní gbà á sí ọ̀wọ̀. Yóò wo ẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀.

Fún ẹni kẹta, kò sí ọ̀wọ̀ nínú ọ̀rọ̀-ìṣe rárá. ‘Bàbá mi ń jẹun’ ni Mi padre come. Comen yóò sọ bàbá kan di púpọ̀.

Ìlò tú àti usted kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ní Sípéènì àti Kúbà, tú gbilẹ̀ gan-an, kódà láàrin àwọn tí ọjọ́ orí wọn jìnnà síra. Ní apá kan Kòlóḿbíà, usted wà láàrin ọ̀rẹ́ àti ẹbí pàápàá. Ọ̀wọ̀ tí ń bẹ nínú usted kò dá lórí ọjọ́ orí nìkan bí ti ẹ.

Èyí kan ẹni tí yóò túmọ̀ ìwé láti Kúbà sí Yorùbá. Bí ọmọ òrìṣà kan bá sọ nípa ìyálórìṣà rẹ̀ pé Habla poco, ‘Ó máa ń sọ̀rọ̀ díẹ̀’ bá gírámà mu, ṣùgbọ́n etí Yorùbá yóò gbọ́ àìlẹ́kọ̀ọ́ tí olùsọ kò ní lọ́kàn. ‘Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀’ ni ó yẹ ẹ́. Ọ̀wọ̀ tí èdè kan kò fi hàn, atúmọ̀ ni yóò dá a padà.

Àkíyèsí lórí èdè Sípáníìṣì ti Kúbà

Ní Kúbà àti àwọn erékùṣù tó yí i ká, -s ìparí sílébù sábà máa ń fúyẹ́ tàbí kí ó má dún rárá, tí hablas àti habla yóò fi jọra létí. Níbẹ̀ kan náà ni arọ́pò-orúkọ ti ń hàn ju ti Sípéènì lọ, tí a ó máa gbọ́ ¿Qué tú quieres? níbi tí ará Sípéènì yóò ti wí pé ¿Qué quieres? Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kan gbà pé ọ̀kan ni ó fa èkejì. Àwọn mìíràn kò gbà. Èyí ó wù kó jẹ́, tú ẹnu ará Havana kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ àtẹnumọ́.

Àgbálọgbábọ̀

Àtẹ ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ mọ̀ dájú, kí àtòjọ arọ́pò-orúkọ tó tẹ̀ lé e. Ibi tí ó bá ti máa lo mo, kí ó jẹ́ kí ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe sọ ọ́. Ibi tí ó bá ti máa lo èmi, kí ó pe yo. Bí ó bá ń ka ìwé, kí ó wo ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe kí ó tó pinnu ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá sì ń túmọ̀, kí ó rántí pé ọ̀wọ̀ àti akọ-n-bábo kì í sí ní ibì kan náà nínú èdè méjèèjì.